Àjákù Àwọ̀n Tí Alábẹ́rẹ́ Fọ̀

Alábẹ́rẹ́ ń tún àwọ̀n kan ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ohùn àbúrò rẹ̀ jáde láti inú rédíò ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ohùn rédíò náà sókè. Mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ṣe níbẹ̀ ló gbé e sókè fúnra rẹ̀, ó sì tún na ọrùn wọlé kí ó lè dá a lójú pé Alábẹ́rẹ́ gbọ́.

"Àbúrò yín ló ń sọ̀rọ̀ o! Lọ́yà wa!"

"Mo ní etí," ni Alábẹ́rẹ́ wí.

Òótọ́ ni, ó ní etí, etí náà sì ti kún fún Lọ́yà láti bí ọdún mẹ́ta. Lọ́yà ló fa ilé iṣẹ́ epo tó wà ní ìpẹ̀kun etíkun lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Lọ́yà ló sọ pé páìpù wọn ń da ìdọ̀tí dúdú sínú òkun, pé ẹja ń kú, pé ara ń yún àwọn ọmọdé, pé ẹni tó bá ba òkun jẹ́ mọ́ apẹja lọ́wọ́ ti gba ẹ̀tọ́ oúnjẹ àti ìlera rẹ̀. Àwọn apẹja ti ń sọ gbogbo èyí tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ya fọ́tò wọn. Fọ́tò Lọ́yà wà lára ògiri gbọ̀ngán ẹgbẹ́ apẹja, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Ṣọ́ọ̀bù Alábẹ́rẹ́ sì dojú kọ gbọ̀ngán náà gẹ́lẹ́. Ìgbàkígbà tó bá gbójú sókè síbi ìmọ́lẹ̀ láti ki okùn bọ abẹ́rẹ́, ẹ̀rín Lọ́yà ló máa kọ́kọ́ rí.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí," ni Lọ́yà ń sọ lórí rédíò, "nígbà tí mo wọ inú omi lẹ́bàá páìpù yẹn. Omi náà gbóná. Kí n tó sáré jáde, ẹsẹ̀ mi ti bó."

Ọwọ́ Alábẹ́rẹ́ dúró. Ó wo ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àpá náà bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìka, ó hunjọ bí ìwé tí omi dà sí. Òun ló wọ inú omi lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì ni. Orí iyanrìn ni Lọ́yà dúró sí, tó ń bá a di bàtà mú.

"Ọ̀rọ̀ yẹn wọ èèyàn lára, àbí?" ni Mẹkáníìkì bi í.

"Ó wọ̀ mí lára. Ẹsẹ̀ èmi ni."

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ẹ̀yin náà fẹ́ bọ́ sórí rédíò!"

Alábẹ́rẹ́ fa okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pinpin títí ó fi já.

Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni àwọn méjèèjì ti kọ́ iṣẹ́ àwọ̀n. Nígbà tí Lọ́yà wọ yunifásítì, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbé e sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti wà lórí àga kan náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti le bí awọ bàtà. Wọ́n ní kò sí ihò àwọ̀n tí kò lè dí. Wọ́n tún ní kì í gbà kí iṣẹ́ tó ní ìdọ̀tí lára jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun. Tó bá tún àwọ̀n ṣe tán, á fọ̀ ọ́, á sá a, á ká a, lẹ́yìn náà ló máa tó ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú òkun kan náà ni àwọ̀n ọ̀hún ń padà lọ. Ó ní òkun ni yóò kó ìdọ̀tí bá a nígbà náà, kì í ṣe òun.

Àṣà mìíràn tó ní ni pé kì í ju àjákù nù. Apẹja kan ló fà á, ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó gba àwọ̀n rẹ̀ ló padà wá pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù pé okùn Alábẹ́rẹ́ ti jẹrà. Bẹ́ẹ̀ okùn ò jẹrà. Ohun dúdú kan bí ọ̀dà ló jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti gbé àwọ̀n tó dúdú bẹ́ẹ̀ wá, yóò gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, yóò so páànù pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, yóò fi ìṣó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sára páànù náà, ibi tí wọ́n da àwọ̀n sí, oṣù àti ọdún. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbèjà, kò ro ti òkun rárá. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni àjákù náà, inú àpò kan ló kó wọn sí, ó sì tẹ́ àpò náà sórí àga rẹ̀ bíi tìmùtìmù.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rédíò ni Lọ́yà fúnra rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti rù."

"Ìwọ ti sanra. Oúnjẹ rédíò dáa."

Lọ́yà fi ẹ̀rín gbà á. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá. Ilé iṣẹ́ epo ti rí ọgbọ́n kan dá. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tó rì ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló da epo sínú òkun, pé kó tó rì, omi mọ́ gaara. Ìgbìmọ̀ sì ní kí Lọ́yà mú ẹ̀rí wá pé ìdọ̀tí náà ti wà ṣáájú ọkọ̀ yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn yóò da ẹjọ́ nù.

"Mo ti wá a tì," ni Lọ́yà wí. "Ẹnu lásán ni gbogbo èèyàn ní. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni tó ní ohun àtijọ́ kan lọ́wọ́? Ohunkóhun."

Alábẹ́rẹ́ jókòó lórí ọdún mẹ́rìnlá, ó ń wo ojú àbúrò rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ta ló bó?" ló bi í.

Lọ́yà gbé ojú sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ará rédíò ló ní kí n sọ ọ́ bíi pé èmi ni. Wọ́n ní àwọn èèyàn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Mo rò pé... nítorí ọ̀ràn gbogbo wa ni."

"Àwọn èèyàn gbọ́ ọ. Mo bá wọn gbọ́ ọ."

"Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú." Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Mi ò mọ ẹnikẹ́ni tó ní nǹkan àtijọ́. Ọwọ́ mi dí."

Bí Lọ́yà ṣe jáde tán ni ara Alábẹ́rẹ́ ò lélẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú rẹ̀ lè sọ pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń rò ni bí gbọ̀ngán yóò ṣe kún lọ́jọ́ ìjókòó ìgbìmọ̀, bí Lọ́yà yóò ṣe dúró láìní ohunkóhun lọ́wọ́, àti bí òun yóò ṣe dìde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú àpò lórí. Gbogbo ọrùn yóò yí padà. Wọ́n á béèrè pé, ta nìyẹn? Fún ìgbà àkọ́kọ́, Lọ́yà ni wọn yóò máa pè ní àbúrò ẹnì kan.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó da gbogbo àjákù náà sínú ọpọ́n ńlá mẹ́ta. Báwo ni yóò ṣe gbé ohun tó dúdú, tó ń rùn, síwájú àwọn èèyàn ńlá? Ó bu ọṣẹ sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da omi nù, ó pọn òmíràn. Ìgbà mẹ́rin ló pààrọ̀ omi. Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, mẹ́tàlélọ́gọ́ta àjákù àwọ̀n wà lórí okùn ìsáṣọ, wọ́n funfun bí eyín, páànù wọn ń dán. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Gbọ̀ngán kún lọ́jọ́ ìjókòó bó ṣe rò. Ó dìde láti ẹ̀yìn bó ṣe rò, gbogbo ọrùn sì yí padà. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó dàgbà tí kì í yára sọ̀rọ̀, ní kí ó bọ́ síwájú. Alábẹ́rẹ́ to àwọn àjákù sórí tábìlì, ó ń ka páànù wọn: nọ́ńbà ọkọ̀, ibi, oṣù, ọdún. Ọdún mẹ́rìnlá. Ọdún mẹ́tàlá. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàárín àwọn apẹja. Ojú Lọ́yà ń tàn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó sún mọ́ tábìlì, tó sì rí àwọ̀ wọn, ẹnu náà pa dé.

Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ epo dìde. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

"Màmá, àwọ̀n wọ̀nyí mọ́ tónítóní."

"Ẹ ṣeun," ni Alábẹ́rẹ́ wí.

"Ta ló fọ̀ wọ́n?"

"Èmi ni. Ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n?"

"Ọṣẹ ni, àti búrọ́ọ̀ṣì."

Ẹnì kan nínú àwọn apẹja kérora bí ẹni tí eyín ń dùn. Ìgbà yẹn ló yé Alábẹ́rẹ́ pé òun ti fọ ẹ̀rí nù. Ó wo tábìlì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ fọ̀ wọ́n?" Agbẹjọ́rò náà ti rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tan ọmọdé. "Àbúrò yín ni, àbí? Ó rí i pé kò sí ìdọ̀tí kankan lára wọn, ó wá ní kí ẹ fọ̀ wọ́n ká má baà lè yẹ̀ wọ́n wò. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, Màmá. Ẹ kàn gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni."

Alága gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ rora dáhùn. Bó bá jẹ́ àbúrò yín ló ní kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rí, ẹjọ́ yìí parí lónìí, òun náà ò sì ní ṣe iṣẹ́ yìí mọ́."

Kó kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tán. Alábẹ́rẹ́ rí i bó ṣe rọrùn tó. Ìtìjú á kúrò lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á yọ fọ́tò kúrò lára ògiri, òun á sì máa ki okùn bọ abẹ́rẹ́ láìrí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni. Ó rò ó. Ó tó ìṣẹ́jú kan tó fi rò ó, ojú Lọ́yà sì wà lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà.

"Kò mọ nǹkan kan nípa wọn," ló sọ níkẹyìn. "Ó béèrè lọ́wọ́ mi, mo ní kò sí. Orí wọn gan-an ni mo jókòó sí nígbà tí mo ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi fi wọ́n han àbúrò yín?" ni Alága bi í.

"Mò ń jowú rẹ̀ ni."

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín láti ìlà kẹta, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Alábẹ́rẹ́ yíjú sí akọ̀wé.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mò ń jowú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rí èmi náà. Bí mo bá bi í, ì bá ní kí n má fọ̀ wọ́n. Mi ò bi í."

Lọ́yà ti dìde. Ó mú àjákù kan lórí tábìlì, ó ń yí i ká, ó ń fi ìka tẹ àwọn kókó rẹ̀ bí ẹni tó ń rántí nǹkan.

"Alága, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọ okùn. Ṣùgbọ́n tí àwọ̀n bá ti ń fa ẹja nínú òkun, ńṣe ni kókó rẹ̀ ń fún mọ́ra sí i, ohunkóhun tó bá sì ti wọ inú rẹ̀, ọṣẹ ò lè dé ibẹ̀. Mo fẹ́ tú ọ̀kan níwájú yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kókó náà ò mira. Ó fi èékánná sí i, ó fi gègé sí i, ó tún fi eyín sí i níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Èékánná kan ṣẹ́. Alábẹ́rẹ́ dúró tì í, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò ó. Kò sí ìdí láti purọ́: ó gbádùn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí àbúrò rẹ̀ ti ṣe níwájú èèyàn, èyí ni àkọ́kọ́ tí kò lè ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Lọ́yà wí lábẹ́lẹ̀, "ẹ gbà mí."

Alábẹ́rẹ́ jẹ́ kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó gba àjákù náà, ó fi àtàǹpàkò ti okùn kan sẹ́yìn, ó sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbé èkejì. Kókó náà là. Inú rẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò, ó sì ń rùn débi pé Alága fi ọwọ́ bo imú.

Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ epo ní ìyẹn ò fi hàn pé láti inú páìpù ni, òótọ́ ló sì sọ. Iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ nǹkan wò nìyẹn, èsì wọn sì lè gba oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n Alága ní òun ò ní da ẹjọ́ nù. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n tú kókó kan nínú àjákù kọ̀ọ̀kan, níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ọ̀tọ̀.

"Ta ni yóò tú u?" ni akọ̀wé béèrè.

Kò sẹ́ni tó wo Lọ́yà. Alábẹ́rẹ́ fa àga, ó jókòó, ó nawọ́ sí àjákù kejì.

"Ìwọ, mú àpò," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "La ẹnu rẹ̀ dáadáa. Má fọwọ́ kan inú."

Lọ́yà kúnlẹ̀ lẹ́bàá tábìlì nínú aṣọ agbẹjọ́rò rẹ̀, ó la ẹnu àpò. Wọ́n dé orí kókó kejìlá nígbà tó ní ọwọ́ ń ro òun.

Alábẹ́rẹ́ ò gbójú sókè. "Mú un bẹ́ẹ̀," ló ní. "Ó ku mọ́kànléláàádọ́ta."