Igbe Inú Orin Àkọ́kọ́ Wa

Orúkọ tí a sọ ẹgbẹ́ wa, ojú ṣì ń tì mí láti kọ ọ́ síbí. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọbìnrin mẹ́ta ni wá: èmi, àbúrò mi, àti ọ̀rẹ́ mi kan tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Abúlé orí omi ni a ti dàgbà, ní ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí Ayétòrò. Nígbà náà, iná gáàsì àwọn ilé-iṣẹ́ elépo rọ̀bì ń jó lójú òkun tọ̀sán tòru, gbogbo ọmọkùnrin tó sì ń wá ojúure wa ló ń sọ pé òun máa tó ríṣẹ́ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń sọ ọ́ títí di òní.

Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti kọ́ orin. Èmi ni mo ní àbá, àbúrò mi ló lẹ́wà, ọ̀rẹ́ mi ló ní ohùn. Mo mọ̀ pé kò dára kéèyàn máa pín nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Tí ọ̀rẹ́ mi bá gbóhùn sókè, àwa méjèèjì kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wà ní kékeré nígbà tí ọkọ̀ dà wọ́n nù, òun àti baba rẹ̀ tó ń pè ní Aba. Baba kú sómi, òun sì di ara ọkọ̀ mú títí wọ́n fi rí i. Àwọn ará abúlé fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kò yé sọ lẹ́yìn rẹ̀: kí ló dé tí ọmọ náà kò ké?

Ó yẹ kí n ṣàlàyé igbe yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá wà nínú ewu lórí omi ní igbe kan tó máa ń ké. Á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á máa gòkè lọ títí èémí á fi tán. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi igbe kan náà dáhùn, kó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí kì í kí ló ń rì. A kì í fi ṣeré rárá. Ọmọ tó bá fi ṣeré, etí rẹ̀ á gbóná.

Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun ní Igbókọ̀dá ni a ti gba orin náà sílẹ̀. Wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ògiri, ooru ibẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀, ará òkè ni, kò mọ nǹkan kan nípa omi. Orin ìfẹ́ lásán ni tiwa: ọmọkùnrin kan lọ sọ́dọ̀ àwọn elépo, ó ní òun ń bọ̀, kò sì dé. Ibì kan wà láàárín orin náà tí ìlù nìkan ti ń lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ní kí ẹnìkan nínú wa fi ohunkóhun tó bá wù ú dí i. Ọ̀rẹ́ mi sún mọ́ máìkì, ó dijú, ó sì ké igbe náà.

Àbúrò mi ní a ò lè fi í síbẹ̀ láéláé. Ọ̀rẹ́ mi ní tí igbe bá kúrò, òun náà kúrò nìyẹn. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin wa dùn ṣìnkìn, ó ní ibẹ̀ ló dùn jù nínú gbogbo orin náà, ó sì fi ẹ̀rọ sọ igbe kan di púpọ̀.

Awakọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ ẹbí wa ló kọ́kọ́ gbé orin náà síta. Ó ní jákujàku kan tó ń pè ní ẹ̀rọ ohùn, ó gbé e ka iwájú ọkọ̀ èrò rẹ̀, a sì wọ ọkọ̀ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí a lè gbọ́ ara wa. Àwọn ìyá tó wà nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká, mo sì ti ń ro irú bàtà tí màá wọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà náà ni igbe jáde. Kó tó parí, àwọn èèyàn ti ń dáhùn láti ẹ̀yìn igbó etídò, àwọn ọkọ̀ kéékèèké lọ́tùn-ún lósì sì ti ń yí wá sọ́dọ̀ wa.

Bàbá àgbà kan tó ń dá pẹja ló kọ́kọ́ dé. Ó ti fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ sómi kí ó má bàa pẹ́. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó wo àwa tí a gbé ìgò mínírà dání, ó wo ẹ̀rọ, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sọ èyí tó tó fún gbogbo wọn, àwọn òbí wa tí kò sí níbẹ̀ pàápàá gba èébú tiwọn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè wá síwájú àwọn àgbà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí a gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kí a pa orin náà rẹ́ pátápátá lórí gbogbo fóònù, kí a má sì tún kọ ọ́ mọ́. Mo ti to èsì sẹ́nu. Ṣùgbọ́n olórí wọn kò jágbe mọ́ wa. Ó ní, "Bí igbe yìí bá di orin, lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ń rì, ijó la ó máa jó." Inú bí mi, nítorí òótọ́ ni.

Ó béèrè ẹni tó fi igbe síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi dìde.

"Mo ké lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Ẹ ń béèrè lẹ́yìn mi pé kí ló dé tí mi ò ké. Mo ké títí ohùn mi fi tán. Ọkọ̀ ńlá àwọn elépo kan ló ń kọjá lọ, ariwo rẹ̀ bo tèmi mọ́lẹ̀. Aba mi ṣì wà láàyè nígbà tí mo ń ké."

Ìyá rẹ̀ fi gèlè bo ẹnu. Èmi sunkún, ojú kò tì mí.

Bàbá tó gé àwọ̀n rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dìde díẹ̀díẹ̀. "Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ yẹn sì kọjá, mi ò gbọ́ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹyẹ ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹyẹ ni. Lánàá, nígbà tí mo tún gbọ́ ohùn yẹn, mi ò lè dúró fa àwọ̀n."

Ó kọjú sí i, ó la ẹnu, ó sì dáhùn igbe náà níbẹ̀, láàárín gbọ̀ngàn. Ohùn rẹ̀ ti gbó, kò gòkè púpọ̀ kí èémí tó tán. Ọ̀rẹ́ mi rọra jókòó bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Àwọn àgbà fi orin náà sílẹ̀ fún wa, wọ́n ní igbe nìkan ni kí a yọ. Mo fẹ́ jiyàn, kí n má purọ́, ọ̀rẹ́ mi já mi léèékánná. A padà sí Igbókọ̀dá. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa fárígá, ó ní láìsí igbe, orin wa kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ń béèrè. Nínú ọkàn mi, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi bóyá àwọn àgbà ló ń dẹ́rù bà á.

"Rárá," ó ní. "Yọ ọ́. Wọ́n ti dá mi lóhùn."