Ògiri Tí Wọ́n Ní Mo Ń Tọ̀ Sí

Mi ò mọ iye ọdún náà, ṣùgbọ́n ọdún kejì tí eṣú jẹ ọkà wa tán ní Komu ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré nìyẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi rántí bí a ṣe ń rẹ́ ilé. Ìyá mi á po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀, àwa ọmọ á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí ògiri á fi dán, òórùn rẹ̀ á sì bá wa dé ìdí oúnjẹ. Yàrá wa dán bí awo, àfi ibì kan nísàlẹ̀ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi. Ó rin, ó dúdú, ó ń ṣí bí èépá ojú egbò. A rẹ́ ẹ, ó tún ṣí. Ọyẹ́ ń fẹ́, òjò ò rọ̀, orùlé ò jò. Ta ló kù? Èmi ni.

Bàbá mi ló dájọ́. Láràárọ̀ ni mo ń ru ẹní lọ sóòrùn, bó gbẹ bó tutù. Àbúrò mi á tẹ̀lé mi: "Atọ̀ọ́lé, ṣé ògiri ti mu yó?" Èyí tó dùn mí jù ni pé Iléyà ń bọ̀, bàbá sì ní atọ̀ọ́lé ò ní bá àwọn lọ ṣọdún ní Òkàká. Ó wá kù díẹ̀ kí èmi fúnra mi gbà pé èmi ni.

Ìyá bàbá mi ni ò gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fimú gbóòórùn ògiri bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n ní, "Ìtọ̀ kọ́ lèyí." Wọ́n mú mi lọ sùn ní yàrá tiwọn fún ọjọ́ márùn-ún. Ògiri ò gbẹ, ńṣe ló tún rin sókè sí i. Ni màmá àgbà bá fà mí lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìn ògiri. Gbogbo koríko ìlú ti gbẹ, tibẹ̀ nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Bàbá mi rèé lórí òkúta wọn, wọ́n gbé búta lọ́wọ́, wọ́n ń ṣe àlùwàlá Àsárì, omi ń ṣàn wọ ìdí ògiri, bó ṣe ń ṣàn lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́.

Màmá àgbà pe bàbá mi: "Àkànní, àṣé ìwọ gan-an latọ̀ọ́lé ilé yìí!"

Bàbá ṣì ń da omi wọn lọ. Wọn ò tíì fọ ẹsẹ̀ òsì.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé òkúta lọ sídìí igi máńgòrò. Ògiri gbẹ kí Iléyà tó dé, èmi ni mo sì jókòó níwájú kẹ̀kẹ́ bàbá lọ sí Òkàká.

Lóde òní, ilé símẹ́ńtì làwọn ọmọ mi ń gbé ní Ṣakí, a kì í po ìgbẹ́ màlúù mọ́. Síbẹ̀ ògiri páálọ̀ àkọ́bí mi rin lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kùn ún lọ́dà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣí, ló bá ń bú birikìlà. Mo ní ṣebí mo ti sọ fún gbogbo yín láti kékeré pé kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ògiri, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lọ wò ó. Páìpù balùwẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ so ló ń jò.

Mo ní, "Ọmọ ọmọ Àkànní ni ẹ́ lóòótọ́."