Ẹ̀kúnwọ́ Jéró fún Ẹṣin Bàbá Mi

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìyá mi fi ayé sílẹ̀ ló ra ẹṣin náà fún Bàbá. Bàbá búra pé òun kò ní gun òmíràn mọ́. Nítorí náà, nígbà tí orúnkún ẹṣin wú, tí kò lè bá àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù yan lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀ mọ́, àwa ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe ẹṣin nìkan ló ń ṣàìsàn nílé wa ní àdúgbò Kofar Marke.

Dókítà ẹran kan wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kàkà kí ó dojú kọ ẹsẹ̀, ikùn ló gbé etí lé. Ó ní ìfun ẹṣin náà ti dàrú, àti pé ìfun tó bá dàrú lè mú kí oríkèé wú sí i. Ó fún wa ní ìyẹ̀fun kan tí yóò tún inú rẹ̀ ṣe. Ó ní kí a máa pò ó mọ́ èérí jéró tó tutù, kí koríko pọ̀, ṣùgbọ́n kí jéró fúnra rẹ̀ má pọ̀ rárá. Kò ṣèlérí; ó ní ó lè ràn án lọ́wọ́, ó sì lè má ràn án. Ẹ̀rín pa mí. Ta ló ń wo ikùn nítorí orúnkún?

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Jálẹ̀ ààwẹ̀, bí wọ́n bá ti pe ìrun Màgàríbà, ẹṣin ló kọ́kọ́ ń fún lóúnjẹ kí òun tó fi omi kan ẹnu. Àwa tó bí kò rí irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà rí. Nígbà tó yá, wíwú náà lọ sílẹ̀, ẹṣin wa sì ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Nígbà tí ìtúnu ààwẹ̀ ku ọ̀la, Bàbá fà á jáde. Inú àdúgbò dùn. Bí wọ́n ṣe ń kí i ní “Barka” ni oníkálukú ń bu ẹ̀kúnwọ́ jéró fún ẹṣin, wọ́n ní sàráà ni. Mo rán Bàbá létí ohun tí dókítà sọ. Ó ní ẹ̀kúnwọ́ kan kò lè pa ẹṣin, àti pé ta ni òun fẹ́ dá sàráà rẹ̀ padà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan kò lè pa á lóòótọ́. Àmọ́ àdúgbò wa tóbi.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ikùn rẹ̀ ti le bíi pákó. Dókítà sáré dé, apá rẹ̀ kò ká a. Ẹṣin náà kú kí a tó jáde lọ kírun yídì. Mo sunkún bí mo ṣe sunkún nígbà tí ìyá mi kú.

Bàbá wẹ̀, ó wọṣọ ọdún, ó wá pe àwa ọmọ jọ.

“Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní àìsàn orúnkún ló pa á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé sàráà òun ni.”

Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí yídì. Lójú ọ̀nà, àwọn aládùúgbò ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ní ó mà ṣe o, àná yìí náà ni àwọn bọ́ ọ. Bàbá ń di ọwọ́ wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúpẹ́ jéró.