Aṣọ Ìyálóde

Bí òórùn kàfúrà bá ta sí mi nímú, inú á tún bí mi.

Tísà wa l'Ájégúnlẹ̀ ní ká múra bí àwọn ẹni àtijọ́, ká sọ ìtàn wọn. Mo há ti Ìyálóde sórí. Màámi yọ aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn kúrò nínú àpótí tí wọ́n fi kàfúrà sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ eré náà, ọmọ ọ̀gá bàbá mi, tá a jọ wà ní kíláàsì, ló wọ̀ ọ́.

“Tísà, èmi ni Ìyálóde!” ni mo ké.

“Ìwọ gbé àga tẹ̀ lé e jàre.”

Màámi jókòó láàárín àwọn òbí, àwọn náà ń pàtẹ́wọ́. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé Màámi ló fi aṣọ náà bẹ ọ̀gá, kó má lé bàbá mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Àpápá.

Lórí ìtàgé, ọmọ náà gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Màámi ṣẹ́jú sí mi pé kí n rán an létí.

Mo gbá àga mọ́ra, mo panu mọ́.