Ọmọ Tí Bùsọ́lá Pọ̀n Ní Yàrá Aṣọ

Ẹni tó bá wù kó pè mí ní òpùrọ́. Ọkọ mi ti pè mí bẹ́ẹ̀, Métírọ̀n tó jẹ́ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti pè mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà lè pè mí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kà á tán. Mo fi àwọn ọmọ mi búra, ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ. Ọ̀sán sì ni o! Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé oorun ló ń kùn mí.

Mi ò ní dárúkọ ilé náà. Bódìjà ló wà, nínú ẹ̀sítéètì, níbi tí ariwo ọjà ò dé. Igi máńgòrò kan wà níwájú rẹ̀, ògiri rẹ̀ sì ga ju ti gbogbo aládùúgbò lọ. Ilé ìtọ́jú ọpọlọ ni, àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà: ọmọ yunifásítì tí kò rí oorun sùn mọ́, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, irú wọn. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo wà lára àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. À ń wẹ̀ wọ́n, à ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, à ń jókòó tì wọ́n títí oògùn á fi gbé wọn lọ.

Kó tó di ilé ìtọ́jú, ilé ọmọ aláìlóbìí ni. Obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Mọ́mì ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì kú, ọmọ wọn tún ilé kùn, ó sì sọ ọ́ di ohun tó dà lónìí. Fọ́tò Mọ́mì ṣì wà ní yàrá àlejò. Wọ́n wé gèlè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọmọ ìkókó kan wà nínú apẹ̀rẹ̀ níwájú wọn. Ẹ wò ó dáadáa, wọn ò fọwọ́ kan ọmọ náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó bá Mọ́mì ṣiṣẹ́, Ìyá Ràfá tó ń fọṣọ. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, àgbà Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun jáfara. Àwọn ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ, pé Mọ́mì kì í jẹ́ kí wọ́n pọn ọmọ.

Mo ní, “Kí wọ́n pọn ọmọ, Ìyá? Kí ló burú ńbẹ̀?”

Wọ́n ní Mọ́mì máa ń sọ pé ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹ̀yìn kò ní gbà kí wọ́n tẹ́ òun mọ́. Á máa ké, àwọn tó kù á máa ké, apá òṣìṣẹ́ ò sì ní ká wọn. Òṣìṣẹ́ tí Mọ́mì bá rí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó di ilé ẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, inú bẹ́ẹ̀dì onírin kéékèèké ni wọ́n ń tẹ́ wọn sí nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọn á jẹ́ kí wọ́n ké títí á fi rẹ̀ wọ́n.

“Á rẹ àwọn kan, wọ́n á sùn,” ni Ìyá Ràfá wí. “Á rẹ àwọn kan, wọn ò ní jí.”

Wọ́n gbọn aṣọ náà pẹ́ẹ́, wọ́n sá a. Mo bi wọ́n níbi tí wọ́n ń sin àwọn yẹn sí. Ẹnu ni wọ́n fi júwe ilẹ̀ tí a jọ dúró sí. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni mo pè é. Mo gbé báfù mi, mo bá tèmi lọ.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn la wá ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún, àmọ́ ojú ibi tí irin bẹ́ẹ̀dì ti ń ha ògiri kò parẹ́.

Ó wá kan Bùsọ́lá. Ọmọ Olúyọ̀lé ni, kò tíì pé ogún ọdún, ojú rẹ̀ tóbi báyìí, ẹnu rẹ̀ dùn. Ìyá rẹ̀ ló kú tí kò jẹun mọ́, tí kò wẹ̀ mọ́, ni bàbá rẹ̀ fi gbé e wá. Ọ̀dọ̀ wa ló ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ń gbọ́ igbe ọmọ. Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ ni wọ́n ń fi oògùn kún oògùn, títí itọ́ fi ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ tó ń hu eyín. Nígbà tó yá, Bùsọ́lá gbọ́n, ó panu mọ́. Wọ́n ní ara rẹ̀ ti ń yá. Dọ́kítà sọ pé tí òun bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́bọ̀ tí òun ò rí àléébù, kó máa lọ sílé.

Bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀gá ni wọ́n ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ojú gbogbo wa ni wọ́n ti sọ ọ́: “Tí Dọ́kítà bá tún sọ fún mi pé kò tíì yá, orí òkè àdúrà ni mò ń gbé e lọ. Wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ ńbẹ̀ títí ohun tó wà lára ẹ̀ á fi jáde.”

Bùsọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo bàtà bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo ń pọn omi fún un nírọ̀lẹ́, ó dì mọ́ mi létí báfù. “Àǹtí, mo máa lọ sílé. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.” Mo ṣe àmín, mo sì ṣe é tọkàntọkàn.

Ọjọ́rú ni òjò ńlá kan rọ̀. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tó ṣú, iná lọ, wọn ò tíì tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn aláìsàn ti lo oògùn ọ̀sán, gbogbo wọn ń sùn. Bùsọ́lá ní òun ò sùn, òun fẹ́ bá mi ká aṣọ. A wọ yàrá ẹ̀yìn. Òun di etí kan mú, èmi di ìkejì mú, à ń ká a, à ń tò ó.

Igbe bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ológbò ni. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó wù mí kó jẹ́ ológbò. Àmọ́ mo ti bímọ, mo mọ igbe ebi, mo mọ igbe inú rírun, mo sì mọ igbe ọmọ tó kàn ń fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Èyí tí mo gbọ́ nìyẹn, nísàlẹ̀ ògiri, kò jìnnà sí ẹsẹ̀ mi.

“Àǹtí.” Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. “Ẹ gbọ́?”

Mo ní, “Mo gbọ́.”

Omijé yọ lójú Bùsọ́lá. Ayọ̀ ni o! Inú rẹ̀ ń dùn! “Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí.” Ó ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá pé orí òun ti dàrú. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún un pé kò dàrú.

Ó yẹ ká sá. Mo mọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, tí ọmọ bá ń ké lẹ́sẹ̀ yín, ṣé ẹ máa ń rò ó kí ẹ tó gbé e? Láti kékeré la ti ń pọn bèbí, à ń pọn àbúrò, à ń pọn ọmọ aládùúgbò. Ara wa ń ṣe é kí orí wa tó mọ̀.

Bùsọ́lá fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó wà lọ́wọ́ wa, ó jù ú sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Má sunkún mọ́, ọkọ mi. Ó yá, gun ẹ̀yìn. Máa bọ̀.”

“Bùsọ́lá, má ṣe!”

Igbe náà dákẹ́ wọ́ọ́.

Aṣọ náà ga lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i o, mi ò sọ pé wọ́n ní. Ó yọ bí orí, ó yọ bí ìdí, ó yọ bí ẹsẹ̀ méjì tó là sí ìhà. Bùsọ́lá ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó fò sókè díẹ̀ bí a ṣe ń fò kí ọmọ lè jókòó dáadáa, ó so aṣọ láyà.

“Ó tutù, Àǹtí,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Ó tutù gan-an.” Ó ń fọwọ́ lù ú nídìí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ni àwọn tó kù bá bú sígbe. Yéè! Gbogbo yàrá ni! Ẹ̀gbẹ́ wíńdò, abẹ́ pẹpẹ tí a ń to aṣọ sí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ibi tí irin ti ha ògiri ni igbe ti ń jáde.

Ẹ̀rín kú lójú Bùsọ́lá. “Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó wúwo.”

Mo tú aṣọ náà. Ó bọ́ sílẹ̀ lófìfo, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn Bùsọ́lá kò nà. Mo wo èjìká rẹ̀, mo rí ibi tí ẹ̀wù rẹ̀ ti ká jọ ṣókí ṣókí, bí ìgbà tí ìka kéékèèké bá di aṣọ mú.

Mo fà á jáde, mo sáré wọ inú òjò lọ pe Ìyá Ràfá. Wọ́n wá, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Wọ́n wo ẹ̀yìn Bùsọ́lá. “Sùbúhánàláhì! Ta ló ní kó pè é?”

“Ìyá, ẹ bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

“Ọmọ tí wọn ò pọ̀n rí,” ni wọ́n wí wúyẹ́wúyẹ́, “ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀?” Wọ́n yíjú padà, wọ́n lọ kó aṣọ wọn lójò.

Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n kọ́ Bùsọ́lá bó ṣe máa dúró. Na ẹ̀yìn. Má gbọ́wọ́ sẹ́yìn. Tí wọ́n bá bi ọ́, kò sí nǹkan kan. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ, a ó wá bí a ṣe máa ṣe é. Ó ní òun gbọ́. Ó na ẹ̀yìn, ó ń làágùn.

Lọ́jọ́bọ̀, Dọ́kítà jókòó, Métírọ̀n jókòó, bàbá rẹ̀ jókòó. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ yẹn ṣe dáadáa! Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, ó sọ iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ó tiẹ̀ pa Dọ́kítà lẹ́rìn-ín. Etí àga ló jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan nǹkan kan.

Dọ́kítà ní, “Ó dáa. Fẹ̀yìn tì, fara balẹ̀.”

“Mo wà dáadáa báyìí, sà.”

“Ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni?” ni bàbá rẹ̀ wí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e láyà, wọ́n tì í mọ́ àga gbàgà.

Ọlọ́run mi, mo gbọ́ ọ. Igbe ọmọ tí ilẹ̀kùn há lọ́wọ́. Bùsọ́lá fò dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn, ó ń lù ú jẹ́jẹ́. “Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ọkọ mi, ó ti tó, wọn ò mọ̀ ni.”

Dọ́kítà mi orí.

Mo ní, “Dọ́kítà, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà gbọ́ ọ. Ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀ lóòótọ́.”

Métírọ̀n rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde. “Ẹ ò rí i? Ó ti ń ran òṣìṣẹ́ yín. Òkè ni mò ń gbé e lọ lónìí yìí.”

Mo lé wọn bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Bùsọ́lá. Mo ní kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá sẹ́yìn tèmi, mo ní mo ti pọn ọmọ, mo mọ̀ ọ́n pọ̀n. Mo dúró, mo dúró, ẹ̀yìn mi fúyẹ́. Bùsọ́lá fọwọ́ kan èjìká mi.

“Ẹ má jí i, Àǹtí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.”

Wọ́n tì í sínú mọ́tò. Wọ́n sì lé èmi náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Mo wá a lọ. Ó gbà mí ní ọjọ́ púpọ̀ kí n tó mọ òkè tó jẹ́. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ ibẹ̀. Abẹ́ páànù kan ni wọ́n to àwọn aláìsàn sí, wọ́n fi ṣéènì so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó. Alákòóso ibẹ̀ fi ọ̀yàyà ṣàlàyé fún mi: wọ́n ti rí i nínú ẹ̀mí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohun burúkú náà gùn, wọ́n sì ti nà án níbẹ̀. Ní báyìí, àfi kó máa sùn gbalaja, kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, lọ́sàn-án lóru. Wọ́n gbé òkúta lé e láyà kó má baà yí padà.

Mo kúnlẹ̀ tì í. Ó mọ̀ mí. Ojú rẹ̀ tòrò, kò bẹ̀ mí pé kí n gbé òun lọ sílé.

Mo fẹnu sí i létí. “Ọmọ náà ńkọ́?”

Ó yíjú sí mi díẹ̀.

“Kò sunkún mọ́, Àǹtí.”

Nígbà tí wọ́n gbé òkúta kúrò kó lè jẹun, tó dìde jókòó, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣì tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà ńbẹ̀, ó ń lu nǹkan nídìí, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

Bàbá rẹ̀ ò gbé fóònù mi. Ilé náà ṣì wà ní Bódìjà, wọ́n ṣì ń gba àwọn ọ̀dọ́. Tí ọmọ yín bá wà ńbẹ̀, tó sọ fún yín pé òun ń gbọ́ igbe, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì sọ fún dọ́kítà. Ẹ mú un jáde lọ́jọ́ náà. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́ ọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ di ọwọ́ yín méjèèjì mú níwájú, kí ẹ máa rìn lọ. Kó máa ké.