Tún-un-bẹ̀rẹ̀ àti Páásíwọ́ọ̀dù Ìyá Oníwèé

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tó jẹ́ pé ara yín lẹ máa ń kọ́kọ́ bi?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin náà nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tó ti ń tò ó pọ̀ lọ́kàn kó tó lè gbé e jáde lẹ́nu. Ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ló béèrè. Gbogbo ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, bí o bá gbé tìrẹ lọ bá wọn, wọn á kọ́kọ́ wò ọ́ láti òkè délẹ̀, wọn á ní, "Kí lẹ ṣe sí i?" Àbúrò ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Á gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì, á nu ojú rẹ̀, á ṣí ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, á wá rọra sọ pé, "Kí ni mo ṣe sí i?" Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí kò rí rí láyé rẹ̀.

"Lọ bá mi wo oúnjẹ tó wà lórí iná," ni ìdáhùn tí ọmọ náà rí gbà.

Kò sí oúnjẹ kankan lórí iná.

Tún-un-bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù lọ nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá ta kú, á ní, "Tún un bẹ̀rẹ̀." Bí ẹlẹ́ran tó ń ta níwájú ilé bá bá ìyàwó rẹ̀ jà, tó wá fẹjọ́ sùn, á ní, "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ kú àárọ̀." Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta. Fèrèsé kan ló ní, tábìlì méjì, àti ìṣó gbọọrọ lára ògiri tí wáyà oríṣiríṣi rọ̀ sí bí ewé gbígbẹ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí àwọn olówó ti jù nù ni iṣẹ́ rẹ̀. Línúsì, ètò ọ̀fẹ́ kan tó fúyẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń fi sí i lára, ẹ̀rọ tó ti ń mí gúlegúle á sì dìde.

"Ẹ̀rọ yín kò kú," á sọ fún oníbàárà. "Ẹrù tí wọ́n dì rù ú ló pọ̀ jù fún un. A ti bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé la dì fún un."

Kò sí ìṣòro ìbẹ̀rẹ̀ tó bá a lójijì. Bí Wáìfáì kò bá jáde rárá, kò ní pariwo. Á fi wáyà so ẹ̀rọ náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀, á jẹ́ kó fi wáyà yẹn wá èyí tó kù ú kù fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà ojú ẹ̀rọ bá kéré bí èèrà, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń fẹ̀ ẹ́. Ìyá kan gbé tirẹ̀ wá pé gbogbo ojúlé tí òun bá ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lé òun jáde bí olè. Tún-un-bẹ̀rẹ̀ wo igun ìsàlẹ̀, ó rí i pé ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn ni aago inú ẹ̀rọ náà wà. Ó yọ bátìrì kékeré tó dà bí owó ẹyọ, ó fi tuntun sí i, ó tún aago ṣe. "Ẹ ò mọ̀ pé àná lẹ ti ń kan ilẹ̀kùn òní," ló wí, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Onísùúrù èèyàn, onírẹ̀lẹ̀ èèyàn: ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú rẹ̀, á tẹrí mọ́lẹ̀, wọn á ní ìrẹ̀lẹ̀ náà nìyẹn. Ìtìjú ni.

Ní ọdún tó ṣáájú ìbéèrè ọmọ náà ni wọ́n ta yàrá ìkàwé àdúgbò lọ́rẹ kọ̀ǹpútà mọ́kànlá. Ẹ̀rọ àlòkù láti òkèèrè ni wọ́n. Alága yàrá ìkàwé gbé iṣẹ́ náà fún Tún-un-bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Èyí tó ṣe kẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ni èyí tó wà lórí tábìlì Ìyá Oníwèé.

Obìnrin yìí ti tọ́jú ìwé níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ó mọ ìwé tó sọnù, ó mọ ọmọ tó gbé e lọ, ó sì mọ ìyá ọmọ náà. Ó jókòó ti Tún-un-bẹ̀rẹ̀ títí tó fi ṣe tán.

"Ọmọ mi, èwo ni kí n tẹ̀?"

"Ẹ mú páásíwọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò ní lè rò, Màmá. Kí nọ́ńbà àti àmì wà nínú rẹ̀."

Ó ronú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ̀rọ ṣe ní kó tẹ̀ ẹ́. Tóótòòtó dúdú nìkan ló jáde lójú ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn èyí ni Tún-un-bẹ̀rẹ̀ kíyè sí i pé nígbà tí ètò náà béèrè irú kíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú rẹ̀, òun kò dúró kà á. Òun kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ti orílẹ̀-èdè mìíràn ló wọlé. Lẹ́tà kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn àmì ti pààrọ̀ ilé: èyí tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì kọ́ ló ń jáde. Ó tún un ṣe ní ìṣẹ́jú kan, ó pa ẹ̀rọ náà, ó gbé báàgì rẹ̀. Oníbàárà mìíràn ti ń pè é. Kò sọ fún Màmá, kò sì ní kó tún páásíwọ́ọ̀dù náà tẹ̀ wò.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìkẹyìn tí àwọn ọmọ iléèwé máa forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá, orí ẹ̀rọ Màmá sì ni fọ́ọ̀mù wọn wà. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ló dé, àtàwọn òbí wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa ránṣẹ́ pe Tún-un-bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà ti kọ Màmá ní ìgbà mẹ́sàn-án.

"Màmá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Mo tàn án, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù mi, ó ní kì í ṣe òun."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí n rí i."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á sábẹ́ ètè bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́.

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká."

"Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́ o. Ẹ ti gbàgbé rẹ̀ ni."

Bàbá kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jẹ́ kí Màmá lọ jókòó, jàre! Bí wọ́n bá ní kí wọ́n pe orúkọ ọkọ wọn báyìí, wọn á ní àwọn ń bọ̀!" Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Tún-un-bẹ̀rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Ó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi páásíwọ́ọ̀dù mìíràn sí i, lẹ́tà lásán, kò sí àmì nínú rẹ̀. Èyí ṣiṣẹ́, ó sì tún wá di ẹ̀rí sí Màmá lára. Nígbà tí àkókò pé, ọmọ méjìlá ni kò tíì forúkọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni alága fi bẹ àjọ ìdánwò kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Nígbà tí oṣù parí, ó ní Màmá ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀, ó tó kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n fún un ní aago ògiri kan, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta sí ọjọ́ Ajé yẹn, kí wọ́n tó lé Màmá lọ rárá, Tún-un-bẹ̀rẹ̀ ń tún kọ̀ǹpútà aránṣọ kan ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tún kánjú tẹ ìbéèrè kíbọ́ọ̀dù kọjá, ó fi páásíwọ́ọ̀dù tó ní àmì sí i, ó tún kíbọ́ọ̀dù ṣe. Nígbà tó fẹ́ wọlé padà, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. Màmá kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ̀rọ ló gbọ́ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ Ẹtì, òun Tún-un-bẹ̀rẹ̀ ló sì mú kó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ó dìde ní ọ̀sán yẹn láti lọ sọ ọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé, alága bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ gan-an ni mo ń wá. Yàrá ìkàwé kejì náà fẹ́ kó o wá ṣe tiwọn." Tún-un-bẹ̀rẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ oòrùn tó mú, ó sì padà sílé.

Oṣù kan lẹ́yìn tí Màmá fiṣẹ́ sílẹ̀, Tún-un-bẹ̀rẹ̀ tún gbìyànjú, ó lọ sílé Màmá. Màmá gbé omi fún un. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí bébà pélébé-pélébé lára ògiri, tí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: *Mo ti jẹun àárọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Mo ti pa gáàsì.*

"Ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ni Màmá wí. "Bí kì í bá ṣe ìwọ tó o là á yé mi lọ́jọ́ náà, ǹ bá má mọ̀ pé orí mi ti ń jò."

Tún-un-bẹ̀rẹ̀ mu omi náà tán. Ó ní òun ń kánjú. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ní ohun tó máa ṣe ní òpópónà náà, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ ẹ́ kì í ṣe ẹ̀sín tí ayé mọ̀; òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún ní ẹni tó ṣe ni í gbàgbé. Kò gbàgbé. Ó ra ìwé ẹlẹ́yìn líle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì bi oníbàárà kankan pé kí ló ṣe mọ́.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí obìnrin kan di ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ mú wọlé, láptọ́ọ̀pù kékeré kan lábíyá. Ìyá Oníwèé ni, àti ọmọ rẹ̀ àgbà.

"Wọ́n fẹ́ máa rí ọmọ-ọmọ wọn tó wà lókèèrè," ni obìnrin náà wí. "Ẹ bá wa fi èyí tó fúyẹ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi páásíwọ́ọ̀dù sí i o."

"Ìwọ náà ṣáà mọ ìdí ẹ̀, ọmọ mi," ni Màmá wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Orí mi ò gba nǹkan dúró mọ́. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ mi níjọ́sí nìkan ni mi ò jẹ́ kó lọ. Àràárọ̀ ni mo ń kà á sétí ara mi. Aláǹgbá, àmì tí wọ́n ń fi sáàárín í-meèlì, mẹ́rin, ení. Aláǹgbá! Mo ní ta ló máa rò ó pé àgbàlagbà máa fi aláǹgbá ṣe nǹkan?"

Tún-un-bẹ̀rẹ̀ ṣí láptọ́ọ̀pù náà. Ó fi fláàṣì sí i, ó jẹ́ kí Línúsì dìde, ó mọ̀ọ́mọ̀ yí kíbọ́ọ̀dù sí ti orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì ṣí ojú ìwé òfìfo kan síwájú Màmá.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí."

Màmá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan. Ó dúró. Ó fi ojú sún mọ́ ọn. "Èyí kọ́ ni mo tẹ̀. Àmì í-meèlì ni mo tẹ̀. Àmì tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀rọ̀ èèyàn nínú ìwé ló jáde yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ohun tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn. Mo ti ṣe kíbọ́ọ̀dù lódì. Lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tán ni mo tún un ṣe, mi ò sì sọ fún yín. Ohun tí ẹ tẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tọ̀nà. Ẹ ò gbàgbé. Èmi ni mo ṣe é."

Obìnrin tó mú Màmá wá ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹ ní kí ni? A gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ wọn! Ọdún kẹfà rèé tí a ò jẹ́ kí wọ́n dá gbé ọmọ!"

Màmá gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lọ́jọ́ kẹta."

"Ọjọ́ tó o wá sílé mi ńkọ́?"

"Mo ti mọ̀."

"O rí àwọn bébà tó wà lára ògiri mi."

"Mo rí wọn, Màmá." Ó ti kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ wà láàárín wáyà tó já sílẹ̀.

Màmá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà. "Dìde. Ìkúnlẹ̀ kọ́ ni mo sọ nù." Ó pa láptọ́ọ̀pù náà dé. "Màá wá ẹlòmíràn tó máa bá mi ṣe èyí. Lọ́la, wàá lọ sí yàrá ìkàwé, wàá sọ ọ́ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí." Ó wá na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ mi."

Obìnrin náà wá inú báàgì rẹ̀ títí, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́. Wọ́n jáde, Màmá ló ṣáájú.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé kò mọ ibi tó yẹ kí òun wò. Ó wo ìwé rẹ̀. Kò tíì kọ ìlà kan.

"O bi mí ní nǹkan kan nígbà kan," ni Tún-un-bẹ̀rẹ̀ wí. Ó ṣì dúró sí ojú kan náà. "Mo ní kó o lọ wo oúnjẹ."

"Ẹ ní kí n lọ wò ó, sà."

"Gbogbo wọn ní onírẹ̀lẹ̀ ni mí pé mò ń bi ara mi. Irọ́ ni. Mo ti mọ ohun tí mo ṣe, látọjọ́ kẹta. Ó kàn rọrùn fún mi láti máa bi ara mi lójoojúmọ́ ju kí n rìn dé ilé Màmá lọ."