Litiana Gba Bàtà Àlejò Ìjọba

Bí ẹ bá rí Litiana, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ ló ń wọ̀ lọ sóko kókò, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ní ìlú Nasivi pé ti àlejò ìjọba ni.

Ana ọmọ Litiana ṣì ń rákòrò nígbà tí ìjọba la títì wọ Nasivi, tí wọ́n sì da kọnkéré sójú odò kí ọkọ̀ lè máa kọjá. Ká sòótọ́, títì náà ṣoore. Kókò ń dé ọjà kó tó bàjẹ́, ilé onípáànù sì ti pọ̀. Ṣùgbọ́n afárá kọnkéré yẹn ò ga. Bí òjò bá ti rọ̀ lórí òkè, omi á bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jáde mọ́. Ana sì ti dàgbà báyìí, ó ti lóyún, ìgbà òjò gan-an ni yóò bímọ, òdìkejì odò sì ni ọsibítù wà. Ọ̀rọ̀ náà ń já Litiana láyà.

Àsìkò yẹn ni Apenisa dé láti Suva, olú-ìlú. Ìjọba rán an wá wádìí ohun tí títì náà ti ṣe fún ará oko láti ìgbà tí wọ́n ti là á. Ó gbé gbòǹgbò yaqona kalẹ̀ bí àlejò tó lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gún un, wọ́n pò ó, wọ́n mu. Ta ló máa mu yaqona àlejò tán kó tún máa ráhùn sí i létí? Baba Semisi, agbẹnusọ ìlú, ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Àwọn àgbà mi orí. Inú ń bí Litiana lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń bu tíì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń já agbẹnusọ nírọ́ lójú àlejò.

Ó kàn bèèrè pé ìlú wo ni àlejò ti wá. Apenisa ní ọmọ Yanuvula lòun. Litiana bú sẹ́rìn-ín. Tauvu ni Yanuvula àti Nasivi, baba ńlá kan ló bí wọn. Wọ́n lè bú ara wọn, wọ́n lè gba nǹkan ara wọn, ẹni tó bá bínú ló tẹ́.

Ó ní, "Àṣé ará Yanuvula ni ọ́. Mo ti ń wò ó pé ta ló gbé òórùn ẹja wọlé." Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí Apenisa bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. "Èyí ti di tèmi. Bó o bá fẹ́ ẹ, tẹ̀ lé mi."

Apenisa tẹ̀ lé e láìwọ bàtà títí dé odò, àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Omi ò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kọnkéré wò, kò rí ibi tó sán, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì yangàn pé iṣẹ́ náà dúró gbọn-in. Litiana nàka sókè. Àkísà àti pàǹtí tí àgbàrá gbé kọ́ igi wà lókè orí ọkùnrin náà.

"Kọnkéré yín ò sán, tauvu, àwa ló ń há. Nígbà tí kò sí títì, orí ọkọ̀ ọparun ni mo bí Ana sí. Bí odò bá ga, ọparun á bá a ga. Títì dé, a ò di ọparun mọ́. Orí kí ni kí Ana wá bímọ sí? Orí ìwé ẹ?"

Apenisa jókòó sórí òkúta, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé.

Litiana kò dúró de ìjọba. Ó bẹ Baba Semisi, tó ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń di ọparun, ó sì di ọkọ̀ kan fún un. Lọ́jọ́ tí omi bo afárá, orí ọparun ni Ana jókòó sí kọjá, tòun ti agboòrùn, ó ń pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ títí dé èbúté. Ọsibítù ló bí ọmọbìnrin rẹ̀ sí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, àwọn awọnlẹ̀ wá wọn ibi tí afárá gíga máa wà. Apenisa ló ṣáájú wọn, sílípáàsì balùwẹ̀ ló wọ̀. Ó gbé ọmọ Ana mọ́ra, ó wo ẹsẹ̀ Litiana, ó ní ìgbà wo lòun máa rí bàtà òun gbà.

Litiana ní, "Ọjọ́ tí mo bá gun afárá yín lójú òjò, màá bọ́ ọ fún ẹ lórí ẹ̀. Tètè kọ́ ọ o, bàtà ti ń gbó."